Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìdíje Bọ́ọ̀lù Tí Yóò Mú Kí Ẹ̀yà Gbogbo ní Kétu Mọ Ara Wọn

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2019, ikọ̀ orílẹ̀-èdè wa, Benin, lé Mòrókò kúrò nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Kairo. Ọ̀mì 1 sí 1 ni wọ́n kọ́kọ́ ta, kí àwọn ọmọ wa tó fi pẹnáritì borí pẹ̀lú 4 sí 1. Ní Kétu níbí, kò sí ẹni tó béèrè ẹ̀yà ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó tó dì mọ́ ọn: Yorùbá dì mọ́ Fọ̀n, Máhì gbé Fúlàní sókè, àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní zémídjan sì ń fun hóònù títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ọjọ́ 10 oṣù kan náà, Sẹ̀nẹ̀gàl fi góòlù kan ṣoṣo dá wa padà sílé. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, aáwọ̀ tó ti wà láàárín àgbẹ̀ àti darandaran ṣáájú ìdíje náà, ibi tí a fi í sí náà ni a bá a.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé eré ìdárayá ń so ènìyàn pọ̀, bí ẹni pé bọ́ọ̀lù ní oògùn nínú. Kò ní oògùn kankan. Ọ̀nà tí a gbà pín àwọn tó ń gbá a ni ó ń pinnu bóyá yóò tún ìlú ṣe tàbí yóò tú u ká. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ẹ̀yà tó wà nínú ìlú kan tipasẹ̀ eré mọ ara wọn, inú ìwé orúkọ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, àti níbi tí a gbé omi mímu sí, àti nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí kò sí eré rárá. Bí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ń ṣe é ní àgbègbè Kétu ni mo fẹ́ ṣàlàyé, kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí níbòmíràn lè mú èyí tó bá ìlú yín mu níbẹ̀.

Ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ jù lọ ni kí àdúgbò kan bá àdúgbò kejì gbá nígbà ọlidé ńlá. Òun náà ni àwa kọ́kọ́ ṣe. Nítorí pé àwọn tó ń sọ èdè kan náà ló sábà máa ń gbé nítòsí ara wọn, ẹgbẹ́ àdúgbò di ẹgbẹ́ ẹ̀yà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, orin tí àwọn òǹwòran ń kọ kì í ṣe orin bọ́ọ̀lù mọ́, orin tí wọ́n fi ń bú ìyá oníyàá ni. Ní ọjọ́ àṣekágbá, rẹfirí fún ẹgbẹ́ kan ní pẹnáritì, òkò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Òkò ba ọmọkùnrin kan lórí, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, a sì fi ọkadà gbé e lọ gba ìtọ́jú. Fún bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ àdúgbò méjèèjì kò lè gba ojú ọ̀nà ara wọn kọjá lálẹ́. Àwa tí a fẹ́ fi eré wá ìrẹ́pọ̀ ni a fi owó ara wa ra ìjà.

Kì í ṣe Kétu nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1954, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan, Muzafer Sherif, kó ọmọkùnrin 22 lọ sí àgọ́ ọlidé kan ní Oklahoma ní Amẹ́ríkà, ó pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa figagbága nínú eré. Irú ìdílé kan náà ni gbogbo wọn ti wá, síbẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ti ń sun àsíá ara wọn, wọ́n sì ń ya wọ ilé ibùsùn ara wọn. Kíkó wọn jọ síbi oúnjẹ kan náà kò pẹ̀tù sí i. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ kan kò lè dá ṣe ni ó pẹ̀tù sí i: omi àgọ́ tó dáwọ́ dúró tí gbogbo wọn jọ wá ìdí rẹ̀, àti ọkọ̀ akẹ́rù tó kọ̀ tí wọ́n jọ fi okùn fà. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ tí kò ní ìtàn kankan láàárín ara wọn, ẹ jẹ́ ká ronú nípa tiwa. Ìtàn ọdún 1886, tí ogun Dàhòmì, ìjọba àwọn Fọ̀n, run Kétu tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Abomey, olú-ìlú wọn, ni àwọn ọmọ wa ṣì ń gbọ́ lẹ́nu àgbà. Bí ẹ bá kó Yorùbá sí apá kan pápá, tí ẹ sì kó Fọ̀n sí apá kejì, ẹ ti wọ aṣọ eré fún ìtàn náà, ẹ sì ti fún un ní nọ́ńbà.

Kí ẹ tó ra bọ́ọ̀lù

Ẹsẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ ná, kì í ṣe owó. Ẹ lọ sọ́dọ̀ olórí àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ sí mọ́ṣáláṣí, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ kí àwọn onísẹ̀ṣe, ẹ sì dé gàá Fúlàní fúnra yín. Ẹ má rán ọmọdé lọ sí gàá, ẹ má sì fi tẹlifóònù ṣe é. Ẹ mú ẹni tó gbọ́ Fúlàní dáadáa dání, ẹ jókòó níbi tí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó, ẹ sì jẹ́ kí àwọn ìyá sọ̀rọ̀. Láti ẹnu ìyá àgbà kan ni a ti gbọ́ ohun tó ń lé àwọn ọmọ wọn sẹ́yìn. A ti fi eré sí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni màlúù sì ń wọlé. Ó ní ọjọ́ ọjà nìkan ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin máa ń gba ara wọn sílẹ̀ nídìí màlúù, kí àwọn kan lè sin àwọn obìnrin tó ń ta wàgàṣì, wàrà Fúlàní, wọ ìlú.

Láti ìgbà náà ni a ti ń fi ọjọ́ ọjà ka eré wa, a kò fi ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje kà á mọ́. Ọjà tí à ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún lè bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀ tàbí ọjọ́ Àìkú, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ jókòó ti kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì wo àkókò ìrun, àkókò ìsìn, àti oṣù Ràmàdáánì, kí ẹ tó kọ ìwé ètò. Ní ti ìgbà nínú ọdún, ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lò, láti oṣù Kìíní. Ìkórè ti parí nígbà náà, òjò kò ní ba pápá jẹ́. Ìdí mìíràn wà tó ju ìyẹn lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn darandaran ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè wá koríko àti omi, òun sì ni ìgbà tí aáwọ̀ oko máa ń pọ̀ jù. Kí àwọn ọ̀dọ́ ti máa rí ara wọn ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan ní àsìkò náà gan-an, àǹfààní ńlá ni.

Bí a ṣe ń pín ẹgbẹ́

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ẹ má kánjú kọjá níbẹ̀.

Ẹ má béèrè ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹni tó wá forúkọ sílẹ̀. Ẹ bi í pé, èdè wo ni ìwọ àti ìyá rẹ ń sọ nílé? Ìbéèrè náà kò ní ìjà nínú, ìdáhùn rẹ̀ sì máa ń jẹ́ òótọ́ ju ti ẹ̀yà lọ, nítorí àwọn ọmọ tí bàbá wọn jẹ́ Yorùbá tí ìyá wọn jẹ́ Fọ̀n pọ̀ nínú ìlú yìí. Ẹ kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sínú bébà kékeré, kí ẹ sì kó wọn sí òkìtì gẹ́gẹ́ bí èdè: Yorùbá, Fọ̀n àti Máhì, Fúlàní, àti àwọn yòókù bí Ẹ̀gùn, Haúsá àti Bàrìbá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé igbá mẹ́rin jáde ní gbangba, lójú àwọn òbí, kí ọmọdé kan tí kò mọ̀wé máa fa bébà láti inú igbá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ẹgbẹ́ mẹ́jọ ṣàlàyé, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ènìyàn mẹ́wàá, méje nínú pápá, mẹ́ta níta. Ènìyàn 80 ni yóò jẹ́. Bí Yorùbá bá jẹ́ 36, tí Fọ̀n àti Máhì jẹ́ 24, tí Fúlàní jẹ́ 12, tí àwọn yòókù sì jẹ́ 8, ó dà bí ẹni pé ohun tó tọ́ ni kí a tú àwọn Fúlàní ká, kí ẹgbẹ́ gbogbo ní ó kéré tán ẹnì kan. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, a sì kábàámọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo láàárín ẹni mẹ́sàn-án tí ń sọ èdè mìíràn, àlejò ni yóò jẹ́ títí ìdíje yóò fi parí. Yóò dákẹ́, yóò sì di ẹni tí a ń rán lọ gbé bọ́ọ̀lù tó bọ́ sínú igbó. Méjì méjì ni kí ẹ fi wọ́n sí ẹgbẹ́ mẹ́fà, kí ẹgbẹ́ méjì tó kù má ní Fúlàní rárá, kí ẹ sì fi àwọn ẹlòmíràn kún tiwọn. Òfin kejì ni pé kí elédè kan má ṣe ju ìdajì ẹgbẹ́ lọ, nítorí bí wọ́n bá ti di mẹ́fà nínú mẹ́wàá, èdè wọn nìkan ni a ó máa sọ, wọn kò sì ní mọ̀ pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ mú ẹni mẹ́jọ tó dáńgájíá jù lọ sọ́tọ̀, kí ẹ fi ìbò pín wọn, ọ̀kan sí ẹgbẹ́ kan, kí ẹ tó fọwọ́ kan igbá. Bí ìbò bá wá mú kí elédè kan ju márùn-ún lọ nínú ẹgbẹ́ kan, ẹ pààrọ̀ ẹni tí a fà kẹ́yìn, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́.

Ní ti orúkọ ẹgbẹ́, ẹ yẹra fún orúkọ àdúgbò àti ti akọni ogun. Orúkọ igi ni àwa ń lò. Ìrókò wà níbẹ̀, tí àwọn Fọ̀n ń pè ní loko, àwọn àgbà ìhà méjèèjì sì fẹ́ràn rẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹnì kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí oyè náà máa yí láti ọwọ́ elédè kan bọ́ sí ọwọ́ elédè mìíràn ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹgbẹ́ mẹ́jọ bá bá ara wọn gbá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, eré 28 ni. Eré méjì ní ọjọ́ ọjà kan yóò gba ọjọ́ ọjà 14, èyí tó tó nǹkan bí oṣù méjì.

Lórí pápá

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí gbogbo ẹgbẹ́ jọ tún pápá ṣe. Ẹ má gbé iṣẹ́ náà fún alágbàṣe, kódà bí ẹnì kan bá fẹ́ san owó rẹ̀. Mítà 60 ní gígùn àti 40 ní ìbú ti tó fún ẹni méje sí méje. Kí ọmọ ìlú Adakplamè mú àdá wá, kí ọmọ ìlú Idigny mú ọkọ́, kí àwọn ọmọ gàá gé ọparun tí a ó fi ṣe òpó góòlù. Ohun tí omi àti ọkọ̀ akẹ́rù ṣe fún àwọn ọmọ Oklahoma, ìdí igi tí ẹnì kan kò lè dá hú ló ń ṣe é fún wa.

Kí gbogbo ẹni mẹ́wàá wọ pápá ní eré kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sì lò kéré sí ìdajì àkókò. Bí apá kan eré bá jẹ́ 20 ìṣẹ́jú, ìyípadà yìí rọrùn láti ṣe. Ẹni tó bá jókòó síta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí yóò gbé lọ sílé ni pé àwọn báyìí kò ka òun sí.

Rẹfirí méjì ni kí ẹ lò, kí èdè wọn yàtọ̀ síra, kí wọ́n sì jọ dá ẹjọ́ tó bá le. Ní Medellín ní Kòlóńbíà, lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa agbábọ́ọ̀lù Andrés Escobar ní ọdún 1994, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ irú bọ́ọ̀lù àdúgbò kan tí kò ní rẹfirí, tí àwọn tó ń gbá a fúnra wọn ń jókòó ṣe àdéhùn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń fún ara wọn ní máàkì ìwà lẹ́yìn rẹ̀. A kò tíì mú rẹfirí kúrò ní tiwa, ṣùgbọ́n a gba máàkì ìwà wọlé: ẹni tó borí gba 3, ọ̀mì gba 1, ẹgbẹ́ tí alátakò rẹ̀ bá sì jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀ gba 1 kún un. Máàkì kan yìí ti gbé ẹgbẹ́ tí kò ní ìràwọ̀ kankan dé ipò kejì. Ẹni tó bá bú ẹ̀yà tàbí ìyá ẹlòmíràn yóò jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa gbá pẹ̀lú ẹni mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ àwọn òǹwòran ni wọ́n dá orin èébú, ẹ dá eré dúró, kí olórí ẹgbẹ́ méjèèjì jọ rìn lọ bá wọn. Ẹ má fọlọ́pàá ṣe é.

Ọ̀rọ̀ èdè gba sùúrù. Ní ọjọ́ ìdánrawò àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún ní èdè gbogbo tó wà nínú rẹ̀: wá, fún mi, ẹ̀yìn rẹ, dúró, o ṣeun. “Wá” tiwa àti “wa” ti Fọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ó sì máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Fúlàní ní “war”. Ọmọkùnrin Fúlàní kan wà tó ń bọ́ fìlà koríko rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, tí ó ń fi òkúta lé e kí ọyẹ́ má baà gbé e lọ, tí ó sì ń dúró lẹ́yìn láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Eré méjì ló gbá bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, bọ́ọ̀lù gíga kan ń bọ̀, aṣọ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ Fọ̀n, na ọwọ́ sí i, ó ké pé “War! War!” Ọmọ náà yíjú padà nítorí kò retí pé òun yóò gbọ́ èdè ìyá òun níbẹ̀, ẹnu yà á, bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí rẹ̀, wọ́n sì jẹ góòlù. Ṣùgbọ́n kí eré náà tó parí, òun náà ti ń pariwo ju gbogbo wọn lọ.

Lẹ́yìn fèrè

Ní ọdún 2020, olùwádìí kan, Salma Mousa, gbé àbájáde iṣẹ́ tó ṣe ní Ìráàkì jáde. Ó mú àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Kristẹni tí ogun ẹgbẹ́ agbébọn ISIS ti lé kúrò nílé, ó fi àwọn Mùsùlùmí kún àwọn kan nínú wọn, ó sì fi Kristẹni kún àwọn yòókù. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn tó ti bá Mùsùlùmí gbá ni wọ́n ṣì ń bá Mùsùlùmí ṣe ìdánrawò, wọ́n sì múra tán láti forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àdàlù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan àwọn Mùsùlùmí tí wọn kò mọ̀ rí, bí i kí wọ́n lọ jẹun ní ilé oúnjẹ wọn nínú ìlú, ìyàtọ̀ náà kò hàn. Èyí ni mo gbà pé ó yẹ kí olùṣètò kọ sára ògiri: ohun tí a kọ́ lórí pápá kì í fúnra rẹ̀ rìn wọ ilé. A ní láti mú un lọ́wọ́.

Bí a ṣe ń mú un lọ́wọ́ ni pé kí ẹgbẹ́ máa lọ jẹun nílé àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ilé kan lẹ́yìn eré kan, láti orí ilé Yorùbá dé gàá. Kí oúnjẹ má jẹ́ ti àpèjẹ. Àkàṣà, wàgàṣì díndín àti ata ti tó, kí olúkúlùkù san 200 fráǹkì, kí olówó má sì san fún ẹlòmíràn, nítorí ẹni tí a ń san owó rẹ̀ kì í lè bá ẹni tó ń san án jiyàn. Fún ìdí kan náà, ẹ má gba aṣọ eré lọ́wọ́ olóṣèlú. Ẹ fi aró pa aṣọ àtijọ́ láró.

Kí ìwé kan wà tí orúkọ gbogbo àti nọ́ńbà tẹlifóònù wà nínú rẹ̀, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àgbẹ̀ Máhì kan bá màlúù nínú gbágùúdá rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àdá ni yóò kọ́kọ́ mú. Ọmọ rẹ̀ pe ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ọmọ gàá náà dé kí oòrùn tó mú, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé màlúù jáde, wọ́n jọ ka àwọn ẹbè tó bàjẹ́, ọ̀rọ̀ owó sì parí níwájú olórí àdúgbò ní ọjọ́ kejì. Màlúù náà kì í tilẹ̀ ṣe ti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ni ín.

Àwọn ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ jẹ́ òǹwòran nìkan. Bọ́ọ̀lù ọwọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ti mọ̀ láti ilé-ìwé, òfin ìpín kan náà ni kí ẹ lò fún wọn, kí eré wọn sì ṣáájú ti ọkùnrin, nígbà tí èrò ṣì ń pé jọ. Fún àwọn àgbà, ẹ gbé ọpọ́n ayò sábẹ́ igi lẹ́bàá pápá. Àwọn Fọ̀n ń pè é ní adji, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ta.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ, ẹ má ka góòlù. Ẹ ka iye àwọn tó wá sí ìdánrawò ní ọjọ́ tí kò sí ìdíje, ẹ ka iye ìkómọjáde àti ìsìnkú tí ọmọ ẹgbẹ́ elédè mìíràn lọ. A ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà.

Lọ́dún kejì, ẹ má tú gbogbo ẹgbẹ́ ká, ẹ má sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí márùn-ún dúró, kí márùn-ún padà sínú igbá. Ọjọ́ àṣekágbá gan-an ni kí ẹ ṣe ìpín náà, níwájú gbogbo èrò, kí àwọn tó fẹ́ gba ife ti mọ ẹni tí wọn yóò bá gbá lọ́dún tó ń bọ̀. Ní Kétu níbí, igbá ni a kọ́kọ́ ń gbé jáde, lẹ́yìn náà ni ife.